Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Irú Katakata Wo Ló Yẹ Oko Wa?

Ọ̀rọ̀ katakata, tí àwọn mìíràn ń pè ní tírákítọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Owó tí ìyá aláṣọ dá ní Ọjà Tìmì àti èyí tí bàbá àgbẹ̀ dá, inú àpò kan náà ni wọ́n wà. Bí ẹgbẹ́ bá ra ẹ̀rọ tí kò yẹ, gbogbo wa la jọ máa san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó nawọ́ sókè ní ìpàdé pé a fẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàn án.

1. Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò

Ilẹ̀ agbègbè Ẹdẹ kò rí bákan náà. Àkùrọ̀ wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, ilẹ̀ líle wà lókè, oko àtijọ́ tó kún fún kùkùté àti gbòǹgbò sì wà.

Ẹ̀rọ onítáyà méjì tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ bí agbára ẹṣin 7 sí 15, dára fún àkùrọ̀, fún ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. Ẹ má gbé e lọ sílẹ̀ líle. Katakata kékeré oníjókòó jẹ́ bí agbára ẹṣin 20 sí 40. Èyí tó ju 50 lọ ni a ń pè ní ńlá. Massey Ferguson 375 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ tó nǹkan bí 75.

2. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 40 ní éékà méjì-méjì, éékà 80 nìyẹn, wọ́n sì ti yọ kùkùté kúrò. Katakata agbára ẹṣin 35 tó fa àwo ìtulẹ̀ méjì ń gé ilẹ̀ ní ìbú bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Bí ó bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ó ti tu mítà onígun mẹ́rin 3,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún yíyípo àti ìdúró, ó ku 2,000. Éékà kan jẹ́ 4,047; nítorí náà, ìdajì éékà ni wákàtí kan, éékà mẹ́rin ni iṣẹ́ wákàtí 8. Ogún ọjọ́ ni yóò fi parí éékà 80.

Katakata ńlá tó fa àwo mẹ́ta, ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 90, yóò ṣe bí éékà mẹ́fà lójúmọ́. Ọjọ́ 14 ni tirẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyàtọ̀. Ṣé ọjọ́ mẹ́fà yẹn tó owó tí ẹ̀rọ ńlá fi ju kékeré lọ, àti dísẹ̀lì tí yóò mu? Bí oko bá fọ́n káàkiri, tí ọ̀nà rẹ̀ sì tóóró, kékeré sàn. Ṣùgbọ́n bí éékà bá tó 300 lójú kan, ó di ọ̀rọ̀ ńlá, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀rọ tó fúyẹ́ máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó dìgbà tí òjò bá rọ ilẹ̀.

3. Ohun èlò tí a ń so mọ́ ọn

Katakata tí kò ní ohun èlò dà bí àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́. Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ló mú ìsokọ́ alápá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn katakata gbajúmọ̀. Ìsokọ́ yìí ní ìwọ̀n: ìwọ̀n 1 fún kékeré, ìwọ̀n 2 fún ńlá. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Níbi tí gbòǹgbò bá kù, àwo ìtulẹ̀ ló dára, torí ó máa ń yí gorí gbòǹgbò kọjá. Háró ló ń fọ́ ògúlùtu, ríjà ló ń kọ ebè gbọọrọ. Ọ̀pá PTO tó ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan ló ń wa ẹ̀rọ ìgékoríko. Kí aláagbádá tàbí ẹni tó ró ìró má ṣe sún mọ́ ọ̀pá yìí, kí a sì má yọ ìbòrí rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ìtulẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n tírélà kékeré tí katakata ń fà lè kó ẹ̀gẹ́ lọ sílé gààrì àti àgbàdo lọ sọ́jà lóṣooṣù. Èmi ò ní ra àwo ìtulẹ̀ láìra tírélà mọ́ ọn.

4. Kí ilẹ̀ má bàa ṣàn lọ

Ní àwọn ọdún 1970, ìwádìí IITA ní Ìbàdàn fi hàn pé ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irú tiwa máa ń ṣàn lọ gan-an bí a bá tú u sílẹ̀ ní ìhòòhò, ṣùgbọ́n bí koríko gbígbẹ bá bò ó, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ tulẹ̀ dábùú òkè, kì í ṣe láti òkè sísàlẹ̀.

5. Kí a tó sanwó

Ta ló ń ta páàtì rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn? Mẹkáníìkì wo ló mọ̀ ọ́n tú? NCAM, ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin, ń dán ẹ̀rọ oko wò; ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ wa kò bá tíì pọ̀, yíyá sàn ju rírà lọ. Láti 2014 ni Hello Tractor ti ń so oní-katakata pọ̀ mọ́ àgbẹ̀ lórí fóònù. Bí a bá sì rà á, kí akọ̀wé máa kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀, kí a máa yọ owó táyà àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ lórí éékà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè fún ìpàdé

(a) Éékà mélòó ni tiwa lápapọ̀, mélòó ni wọ́n ti yọ kùkùté rẹ̀?
(b) Iṣẹ́ wo ni katakata yóò máa ṣe lẹ́yìn àkókò ìtulẹ̀?
(d) Ta ni yóò wà á, ta ni yóò sì máa tọ́jú ìwé rẹ̀?

Bí a kò bá tíì rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí owó ṣì wà ní báńkì.