Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Orí ilẹ̀ ẹbí ni òwe yìí ti ń ṣẹ jù láyé òde òní. Kí títì ọlọ́dà ṣáà ti kan abúlé, kí ilẹ̀ gbówó lórí, àgbà mẹ́ta yóò ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ rà á. Kí ọdún tó yípo, ilẹ̀ ti lọ, owó rẹ̀ ti di ìnáwó òkú àti mọ́tò tòkunbọ̀.

Irú àgbà bẹ́ẹ̀ á ní ohun ìní bàbá òun lòun tà. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council níbẹ̀ dá a láre: ilẹ̀ náà ti gbogbo ará ni, kì í ṣe ti ẹnì kan, alágbàtọ́ sì ni olórí tó ń mójú tó o. Ta ló wá ń bá tọ́jú rẹ̀? Èmi gbà pé ọmọ tí a kò tíì bí wà níbẹ̀, kódà tirẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, torí òun ni kò lè wá sípàdé.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ pe ìpàdé, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, rán ẹni tirẹ̀ wá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á lẹ́yìn olórí, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ló máa ń rojọ́ rẹ̀, tí katapílà á sì wó ilé ẹni tó rà á. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi háyà dípò títà. Bí títà bá pọn dandan, ẹ dá apá kan sí, kí ẹ sì fi lára owó náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa mówó wọlé.

Ìwé ilẹ̀ náà wá ńkọ́? Mo ti rí sọ́fè tí wọ́n ká sínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ikán ti jẹ ibi tí nọ́ńbà òpó ààlà wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà: ẹ kó àwọn ọmọ lọ sórí ilẹ̀ náà nígbà ọlidé, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ààlà láti ìdí pèrègún dé etí odò. Ẹ kó àwọn obìnrin inú wọn pẹ̀lú o, torí ogún Yorùbá ò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Kí èyí tó mọ̀wé jù nínú wọn kọ orúkọ àwọn tó bá yín pààlà sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó kú.