Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì

Ètò ìsọfúnni yunifásítì ló ń sọ àkọsílẹ̀ tí wọn yóò máa kó jọ, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí wọn yóò máa fi í ṣe. Kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè pẹ́ láìyí padà, nítorí ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni.

Kétu jẹ́ ẹ̀rí. Ẹkùn Plateau kan náà ni òun àti Adja-Ouèrè wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 2016, nígbà tí ìjọba dín iye yunifásítì rẹ̀ kù, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu di Université Nationale d'Agriculture. Òfin 2017-20 ti orílẹ̀-èdè náà tún jáde ní 20 oṣù kẹrin 2018, ó sì gbé ìlànà kalẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni. Ètò tí wọ́n bá kọ ṣáájú ìgbà náà ti gbó, ì báà jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tuntun ló kún ọ́fíìsì.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: àárín iṣẹ́ ló yẹ kí àmójútó ti bẹ̀rẹ̀. Iye ẹ̀rọ tí wọ́n rà kọ́ ni kí wọ́n kà (ìyẹn ló rọrùn jù, òun ni wọ́n sì máa ń kà). Kí wọ́n mú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Ikpinlè ní Adja-Ouèrè, kí wọ́n tẹ̀ lé e láti ìforúkọsílẹ̀ títí dé ìwé ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ Adéchina nínú ìwé ìbí, kó di Adechinan nínú ìwé baccalauréat, kó tún di Adéṣínà lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ará ìlú ní Bẹ̀nẹ̀, ń fún ará ìlú, ẹnì kan lè di mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà, máàkì rẹ̀ yóò sì sọnù sáàárín. Kí wọ́n tún wádìí bóyá ọjọ́ ìdánwò dé etí ọmọ tó wà lóko ní Massè, ní Adja-Ouèrè kan náà, àti pé ọjọ́ mélòó ló gbà.

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì kan pàtó tí yóò tún un ṣe, pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Àtúnyẹ̀wò gbogbo ètò yẹ kó wáyé nígbàkúùgbà tí òfin tàbí ìṣètò ilé ẹ̀kọ́ bá yí, láìdúró de ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá. Kí àbájáde rẹ̀ sì dé ọwọ́ ẹni tó ń pín owó kí ìṣúná tuntun tó jáde, pẹ̀lú orúkọ ohun tí wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró.