Ẹ̀KỌ́ WA: KÍ ỌMỌ MỌ OJÚ OWÓ, KÓ MỌ ÈRÈ, KÓ SÌ MỌ GBÈSÈ

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ọmọ wa tó wà láàárín ọdún 13 sí 19. A fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe lè mọ owó ná, kí wọ́n mọ owó tọ́jú, kí wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jẹ gbèsè àti ìgbà tí kò yẹ. Ẹ má sọ pé ọmọdé ni wọ́n o. Ọmọ tó lè gba fóònù lọ́wọ́ yín, kó fi owó ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ṣé ọmọdé nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ owó?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kọ́ yín, tèmi ni n ó sọ. Ẹ̀wà ni mò ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá tí mo ti ń gbé àpò ẹ̀wà láwìn lọ́wọ́ wọn láti bí ọdún mẹ́jọ pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni mò ń rí lórí fóònù mi yìí? Wọ́n ní olè ni ẹ́, wọ́n ní o kó owó olówó jẹ."

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Kò pẹ́ ni àwọn oníbàárà mi ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù mi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí, títí kan àna mi.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, ló fi fóònù mi yáwó lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí ẹ̀rọ. Orúkọ mi ló lò, pẹ̀lú BVN mi tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé báǹkì. Bàtà ló fẹ́ fi rà fún àríyá ìparí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó bèèrè 10,000 náírà, wọ́n yọ 2,000 ṣáájú, wọ́n fún un ní 8,000, wọ́n ní kó dá 10,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Mo bi í pé, "Níbo lo rò pé wàá ti rí i san?" Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmi, mo máa ń rí i tí ẹ ń ka owó lálẹ́. Owó yẹn pọ̀. Mo rò pé bí mo bá mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀."

Ẹ̀yin ìyá, mo fẹ́ nà án, ọwọ́ mi ò gbé. Owó tó ń rí lálẹ́ yẹn, ti ìyá oníẹ̀wà ni. Èmi ni n kò sì sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo san gbèsè náà. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì kí ìyá oníẹ̀wà tó tún gbé ọjà fún mi láwìn. Ààbọ̀ àpò ni mò ń rà ní gbogbo ìgbà yẹn.

ẸKÍNNÍ: Ẹ ṢÍ ÌWÉ YÍN FÚN ỌMỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó pamọ́ fún ọmọ, a sì ń fi gbèsè pamọ́ fún un pẹ̀lú. Ọmọ ń rí owó nínú tòbí, kò rí ẹni tó ni ín. Ẹ pè é lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kó mú bírò, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ:

Àpò ẹ̀wà kan: 100,000 náírà.
Owó mọ́tò àti alábàárù: 4,000.
Owó ìta ọjà àti ọ̀rá: 2,500.
Gbogbo ohun tí mo ná: 106,500.
Iye tí mo tà á tán: 114,000.
Èrè mi: 7,500.

Ọmọ rí 114,000, ṣùgbọ́n 7,500 péré ni tiwa. Nínú rẹ̀ náà la ó ti jẹun, tí a ó ti san owó ilé ìwé, tí a ó ti dá àjọ. Bí ọmọ bá mú 10,000 níbẹ̀, kì í ṣe èrè nìkan ló jẹ, ó ti bu 2,500 jẹ lára ojú owó. Bí a bá ń jẹ ojú owó, ọjà ń tán nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Màmi, ẹ̀yin náà ń gbìyànjú o."

ẸKEJÌ: OWÓ TIRẸ̀ NI KÓ FI KỌ́ ỌGBỌ́N

Ẹ má máa fún ọmọ lówó ní ojoojúmọ́ bí ẹni ń bu ọbẹ̀. Ẹ fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kó fi wọ mọ́tò, kó fi jẹun ọ̀sán. Bí ó bá ná an tán lọ́jọ́ Wẹsidé, ẹ jẹ́ kó gbé oúnjẹ láti ilé, kó sì fẹsẹ̀ rìn bí ọ̀nà kò bá jìn. Ẹ má fi kún un. Ìyà kékeré yẹn á kọ́ ọ ju igba ọ̀rọ̀ lọ.

Bí ó bá bá yín tajà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ san nǹkan fún un. Ẹ kọ́ ọ kó pín in sí mẹ́ta: èyí tí yóò ná, èyí tí yóò fi pamọ́, èyí tí yóò fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ẹ ra kóló fún un, tàbí kó máa dá àjọ. Bí ó bá ń dá 200 náírà fún ọjọ́ 31, 6,200 ni. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, á gba 6,000. Bàtà 8,000 tó kó wa sí wàhálà yẹn, bí ó bá ti ń ju 200 sínú kóló lójoojúmọ́, ogójì ọjọ́ péré ni ì bá fi rà á, kò sí ẹni tí ì bá pè mí ní olè.

ẸKẸTA: ÀWÌN KÌ Í ṢE Ẹ̀BÙN

A kò sọ pé gbèsè burú pátápátá. Ta ló wà lọ́jà wa tí kò gbé ọjà àwìn rí? Ìṣòwò aṣọ àwọn Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́ gbilẹ̀ lórí àwìn. Wọ́n á gbé aṣọ fún èèyàn, ọjọ́ á pé, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn ó fi gba owó wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ẹni tó gba àwìn mọ̀ pé ọjọ́ Òṣómàáló ń bọ̀.

Gbèsè tó ń bí owó wà, gbèsè tó ń jẹ owó sì wà. Àpò ẹ̀wà àwìn á tà, á san ara rẹ̀. Bàtà àríyá kò ní bí nǹkan kan. Kí ọmọ tó yáwó, ẹ kọ́ ọ kó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin:
1. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, ṣé kò lè dúró?
2. Èló ni yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́, èló ni n ó dá padà?
3. Níbo gan-an ni owó tí n ó fi san án yóò ti wá?
4. Bí n kò bá rí i san, ta ni ojú máa tì?

Ẹ wo ìbéèrè kejì dáadáa. Èlé 2,000 lórí 8,000 túmọ̀ sí 250 náírà lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, láàárín ọjọ́ méje. Bí ó bá ń san 2,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè sún un síwájú, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti san 8,000 tó gbà, síbẹ̀ 10,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwa tí a ti jẹ gbèsè gbọ́mú-lé-lántà rí, a mọ bí ó ṣe ń ṣe èèyàn.

ẸKẸRIN: FÓÒNÙ TI DI ÀPÒTÍ OWÓ

Ẹ má kọ BVN tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín sílẹ̀ níbi tí ojú ti lè tó o. Láti ọdún 2014 ni BVN ti bẹ̀rẹ̀, òun ló so gbogbo àkáǹtì wa pọ̀. Láti ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀, CBN, ti ṣe ètò tí báǹkì tó yáni lówó fi lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì tí èèyàn ní ní báǹkì mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun lè yáwó níhìn-ín kí òun sá lọ sọ́hùn-ún, ara rẹ̀ ló ń tàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn gbèsè èèyàn sílẹ̀ náà wà. Ẹni tó bà á jẹ́ lónìí lè wá owó ọjà tì lọ́la.

Ní ti àwọn ayánilówó orí fóònù, àjọ ìjọba tó ń jà fún oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde fún wọn lọ́dún 2022, wọ́n sì tún ṣe òmíràn lọ́dún 2025. Dídójú ti ẹni tó yáwó lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kò bófin mu. FCCPC ní àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Bí wọ́n bá ṣe irú èyí sí yín, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ mú ẹjọ́ lọ síbẹ̀.

Ẹ kìlọ̀ nípa sogúndogójì pẹ̀lú. MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lórí ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Orúkọ ló ń yí padà, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹni tó ní òun á sọ owó ọmọ di méjì láìtajà, ẹ bi í pé, ọjà wo ló ń tà?

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

Ṣé ọmọ yín mọ iye tí ẹ jẹ ní gbèsè? Ṣé ó mọ èrè yín lórí ọjà kan? Nígbà wo ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú owó ra nǹkan kẹ́yìn? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìṣirò ọjà kan kí a tó tún pàdé, kó wá sọ ohun tí ọmọ náà wí.

Ní ti ọmọ mi, Sátidé mẹ́wàá ló fi bá mi tajà kó tó san 10,000 náà fún mi tán. Òun ló ń kọ ìwé ọjà mi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ra aṣọ ẹbí láwìn, ó wojú mi, ó ní, "Màmi, ṣé kò lè dúró?" Ẹ̀rín pa mí. Mo dá aṣọ náà padà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ wa ta ilé wa o. Àmín.