Ẹ̀kọ́ 9: Bí A Ṣe Ń Tu Onígbàgbọ́ Tí Ikú Ń Sún Mọ́ Nínú

Nígbà míì, dókítà á pe ẹbí sí kọ̀rọ̀, á ní àìsàn náà kò gbóògùn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù á ba gbogbo ilé. Bí àwọn èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, "Ẹ ò ní kú" nìkan ni wọ́n á máa sọ. Àdúrà rere ni. Ọba Hesekáyà gbàdúrà nígbà tó ń ṣàìsàn, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn ọdún náà, Hesekáyà kú. Nítorí náà, onígbàgbọ́ nílò ìtùnú tí ikú gan-an kò lè sọ di asán.

Kí ni Bíbélì sọ?

Nínú ìwé Lúùkù orí 23, ọ̀daràn kan tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú bẹ Jésù pé kó rántí òun. Jésù ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ náà gan-an ni yóò bá òun wà ní Párádísè. Ọkùnrin yìí kò ráyè ṣe iṣẹ́ rere kankan mọ́. Àánú ló rí gbà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún aláìsàn tí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ń bà lẹ́rù.

Nínú ìwé Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, Pọ́ọ̀lù fi ara èèyàn wé hóró irúgbìn. Hóró tí a gbìn á kú sínú ilẹ̀, ohun tó máa hù yóò sì lẹ́wà jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí àìsàn ti jẹ gbẹ yóò ṣe jíǹde láìní àbùkù. Ìfihàn orí 21 sì sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò nu omijé àwọn èèyàn rẹ̀ nù. Ikú àti ìrora kò ní sí mọ́.

Àwọn ìjọ kan gbà pé òkú onígbàgbọ́ ń sùn títí di ọjọ́ àjíǹde. Àwọn míì gbà pé ó ti wà lọ́dọ̀ Jésù. Ẹ má ṣe jiyàn yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Gbogbo wọn ló ń retí àjíǹde.

Ṣé onígbàgbọ́ lè sunkún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lásárù, ọ̀rẹ́ Jésù, kú, ó sì ti lo ọjọ́ 4 nínú ibojì kí Jésù tó dé Bẹ́tánì. Jésù mọ̀ pé òun máa jí i dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Kí ló yẹ kí a ṣe?

1. Ẹ jókòó tì wọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù bá a jókòó sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa ìyà tó ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ba ohun rere náà jẹ́.

2. Ẹ má ṣe wá ẹlẹ́bi. Nígbà tí wọ́n bi Jésù léèrè ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi jẹ́ afọ́jú láti inú ìyá rẹ̀, ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. "Ọwọ́ ayé ni" tàbí "Ìgbàgbọ́ yín ni kò tó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú.

3. Ẹ wá ìtọ́jú fún ìrora. Cicely Saunders, dókítà onígbàgbọ́ kan, dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967 fún àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́. Ó kọ́ wa pé ìrora ara, ìdààmú ọkàn, àníyàn ẹbí àti ìbẹ̀rù nípa ọ̀run máa ń wọnú ara wọn. Ó ṣòro kí ẹni tí ìrora ń han léèmọ̀ tó gbọ́ ìwàásù. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú yìí.

4. Ẹ dáhùn ìbéèrè wọn. Bí Màmá bá ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò ní kú báyìí?" ẹ má ṣe sọ pé, "Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ ní, "Màmá, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?" Ó lè jẹ́ ìrora. Ó lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n ń bínú sí. Bí ọmọ náà bá wà nítòsí, ẹ pè é wá.

5. Ẹ ka Bíbélì díẹ̀díẹ̀. Sáàmù 23 tó fún ọjọ́ kan. Ẹ bi wọ́n léèrè orin tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ pe àlùfáà tàbí pásítọ̀ wọn.

Ìbéèrè

1. Kí ni Jésù ṣèlérí fún ọ̀daràn orí àgbélébùú?
2. Níbo ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti ṣàṣìṣe?
3. Kí nìdí tó fi yẹ kí a tọ́jú ìrora aláìsàn?
4. Ta ni ẹ mọ̀ ní ìjọ yín tó wà lórí ibùsùn àìsàn? Ọjọ́ wo lẹ máa lọ jókòó tì í?