Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Bátìrì Dírónù Lẹ́yìn Tí A Bá Fín Oògùn Tán

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bá ní dírónù tí ẹ fi ń fín oògùn sóko, bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Owó ńlá ni. Bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè gbiná, kó jó àká, kó jó ilé.

ÌYÀTỌ̀ BÁTÌRÌ MÉJÌ
Gbogbo wa la mọ bátìrì mọ́tò. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ páǹpù oníbátìrì tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Èyí, kíkún là ń gbé e pa mọ́. Bó bá pẹ́ lófìfo, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ti dírónù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lithium ló wà nínú tirẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá nínú ooru, inú rẹ̀ á máa bàjẹ́, ó sì lè wú. Bí ẹ bá lò ó títí tó gbẹ pátá, kò ní gba iná dáadáa mọ́. Ìdajì ni kó wà. Nínú irú tó wọ́pọ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ fóòtì 4.2 bó bá kún. Nǹkan bíi 3.8 ló yẹ kó jẹ́ nígbà tí a bá gbé e pa mọ́. Kò gbọdọ̀ wálẹ̀ dé 3.

BÍ A ṢE Ń DÍN INÁ RẸ̀ KÙ
1. Bí dírónù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù ná.
2. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní iná kéékèèké mẹ́rin. Bí méjì bá tàn, ó tó.
3. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn, ẹ fi dírónù náà fò díẹ̀ láìrù oògùn, tàbí kí ẹ lo ṣájà tó lè dá a padà sí ìdajì. Àwọn kan máa ń dín ara wọn kù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí irú èyí bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má bẹ̀rù.
4. Ẹ má fi wáyà so ibi méjèèjì tí iná ń gbà jáde pọ̀. Ẹ má so gílóòbù mọ́ ọn kí ẹ sì lọ sùn.

IBI TÍ A Ń GBÉ E SÍ
Ẹ yọ ọ́ kúrò lára dírónù. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, níbi tó gbẹ, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Kó jìnnà sí bẹntiróòlù, oògùn apakòrìko, fatiláísà àti ẹní. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ ìṣó tàbí kọ́kọ́rọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ku iná kan, ẹ fi iná sí i títí yóò fi di méjì. Ẹ má ṣe é lóru, ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

ÀMÌ EWU
Bí bátìrì bá wú, tó ń jò, tàbí tó gbóná láìlò ó, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má gún un. Ẹ gbé e síta, sínú ìkòkò amọ̀ tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, jìnnà sílé, kí ẹ sì pe ẹni tó tà á. Ẹ má jù ú sórí ààtàn. Bó bá gbiná, kí gbogbo èèyàn sá kúrò níbẹ̀. Májèlé ni èéfín rẹ̀. Ẹ má sì tètè padà síbẹ̀, nítorí ó lè tún ràn lẹ́yìn tó bá ti kú.

Ẹ RÁNTÍ: bátìrì mọ́tò, kíkún, bátìrì dírónù, ìdajì. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò.