Bí owó iná bá pọ̀ jù, ibo ni ẹ ó gbé e lọ?

Ìwé owó iná dé. Owó inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti oṣù tó kọjá. Kí ni a máa ń ṣe? A ó pariwo lọ́jà. A ó bú ẹni tó mú ìwé wá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a ó yá owó, a ó san án. Ariwo ọjà kì í dé ọ́fíìsì. Ìwé ló ń dé ibẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti mọ ìwé kọ báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀rọ tó ń ka iná lára ògiri. Ẹ kọ òǹkà ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Òǹkà méjì ló wà nínú ìwé owó iná: ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò nínú ti tuntun. Ohun tó kù ni iná tí wọ́n ní ẹ lò.

Ká ní ti àtijọ́ jẹ́ 2346, tí ìwé sọ pé ti tuntun jẹ́ 2518. Ó ku 172. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, 2418 ni ẹ rí. 2418 − 2346 = 72. Wọ́n ti fi 100 lé e! Bóyá ẹni tó kà á ṣì í kà, bóyá kò tilẹ̀ wọ ilé. Òǹkà ẹ̀rọ kì í padà sẹ́yìn. Bí ti òní bá kéré sí ti inú ìwé, àṣìṣe wà.

(Ẹni tó ń sanwó iná kó tó lò ó kì í gba irú ìwé yìí. Kí òun tọ́jú ìwé pélébé tí wọ́n fún un nígbà tó sanwó.)

Ní ilẹ̀ Benin, SBEE ló ń ta iná fún wa. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wọn ní agbègbè yín. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà yín tó wà lórí ìwé owó iná, òǹkà méjèèjì, òǹkà tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ tí ẹ kà á, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Faransé ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí olùkọ́ tàbí ọmọ iléèwé tú u. Òǹkà kò ní ìtumọ̀ méjì. Ẹ fi ojú ara yín wò ó bóyá ó pé.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà olóòǹtẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò wá rí.

Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọn kò dáhùn rárá, ilé iṣẹ́ kan wà ní Kútọnu tí kì í ta iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn tó ń tà á, kí ó sì gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń rà á. ARE ni wọ́n ń pè é. Òfin iná ti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2020 sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà olóòǹtẹ̀ yẹn ni yóò fi hàn pé ẹ ti kọ́kọ́ bá SBEE sọ ọ́. Bí ọ̀ràn náà bá kan gbogbo àdúgbò, ẹ kó òǹkà ilé gbogbo sórí ìwé kan, kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i.

Omi ńkọ́? Ti ARE kọ́ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, SBEE ló ń ta iná àti omi pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kan ṣì ń da orúkọ náà pọ̀. Láti 2004, SONEB ló ń ta omi nílùú. Nígbà kan rí, òfin 97-029 ti 1999 gbé ọ̀ràn omi mímu lé kọmúùnù lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ omi abúlé bá bàjẹ́, ẹ bá aṣojú yín nínú ìgbìmọ̀ kọmúùnù sọ ọ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Iṣẹ́ ṣíṣe
Òǹkà àtijọ́ jẹ́ 5107. Ìwé sọ pé ti tuntun jẹ́ 5290. Ojú ẹ̀rọ fi 5205 hàn. Mélòó ni wọ́n fi lé e? Ẹ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́fà sí SBEE nípa rẹ̀.