Kòkòrò Wẹ́wẹ́ inú Ìkòkò Ewéko: Bí A Ti Í Dá Wọn Mọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò tí ń gbé ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń jẹ ẹ̀fọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí, bí ó bá rí ohun wẹ́wẹ́ tí ń rìn nínú ìkòkò efinrin tàbí ata rẹ̀, lójú kan náà ni yóò da kẹrosíìnì tàbí oògùn apakòkòrò sí i. Kẹrosíìnì a máa pa gbòǹgbò. Oògùn sì lè bá ewé wọ inú ọbẹ̀ àwọn ọmọ. Nítorí náà, kí a wò ó dáradára kí a tó pa á.

Kí a fi ṣíbí bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti òkè ìkòkò, kí a dà á sínú omi nínú àwo funfun, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé wà. Oríṣi mẹ́rin ni a sábà máa rí.

1. Èyí tí ń ta sókè. Ó funfun tàbí ó rí bí eérú, ó gùn tó mìlímítà 1 sí 2, a sì máa léfòó lórí omi. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò ní ìyẹ́. Ìrù rẹ̀ tí ó pín sí méjì ká mọ́ abẹ́ ikùn. Bí ó bá tú u sílẹ̀, yóò fò. Èébu àti ewé jíjẹrà ni oúnjẹ rẹ̀. Kí a fi í sílẹ̀.

2. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ó dàbí hóró iyanrìn tí ń rìn jẹ́jẹ́. Ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn ni. Ohun jíjẹrà ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Kí a fi òun náà sílẹ̀.

3. Ìdin funfun olórí dúdú. Kò ní ẹsẹ̀. Ọmọ kantíkantí dúdú tí ń fò yí ìkòkò ká ni. Igi tí ó ti dàgbà lè fara dà á, ṣùgbọ́n a máa jẹ gbòǹgbò ọ̀gbìn kékeré títí yóò fi rọ. Bí a bá fi ègé pòtétò tútù lé orí erùpẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ìdin yóò pé jọ sí abẹ́ rẹ̀.

4. Ohun funfun bí òwú lára gbòǹgbò. Ọ̀tá gidi ni èyí, nítorí oje igi ni ó ń fà mu. Ewé a pọ́n, èèrà a sì máa wọlé, a máa jáde nítorí omi dídùn ara rẹ̀. Kí a hú igi náà, kí a fọ gbòǹgbò rẹ̀, kí a da erùpẹ̀ náà nù sí ọ̀nà jíjìn, kí a sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìkòkò kí a tó tún un gbìn.

Omi àpọ̀jù ni ó ń pe àwọn mẹ́ta ìṣáájú. Kí ìdí ìkòkò ní ihò; kí òkè erùpẹ̀ gbẹ kí a tó tún bomi rin ín. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù kan, kantíkantí yóò dínkù. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí omi dúró nínú àwo abẹ́ ìkòkò, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀fọn, tí ń gbé àrùn kiri, gbé ń yé ẹyin rẹ̀.